Wolé-wolé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìgò Wàrà

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan di àríyànjiyàn láàrin àwọn tó ń ta oúnjẹ nínú wa. Àwọn kan ní iṣẹ́ wolé-wolé kò ju kó máa dẹ́rù ba ọlọ́jà lọ. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí i, àwa fúnra wa kò ní mọ ohun tí à ń rà jẹ. Nígbà tí ariwo pọ̀, alága ní kí akọ̀wé lọ wá nǹkan kọ sínú ìwé ìròyìn wa. Ohun tí mo rí kọ nìyí: bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iṣẹ́ wolé-wolé ti ọ̀dọ̀ wọn wá bá wa, ṣe fi í tọ́jú wàrà àti oúnjẹ ọjà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Wàrà tí mò ń sọ kì í ṣe wàrà dídì tí a ń dín jẹ o. Wàrà olómi láti ọmú màlúù ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní mílíìkì.

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò tíì gbọ́ nípa Rochdale. Ní 1844 ni àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ nílùú yẹn dá owó jọ, tí wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní òpópónà Toad Lane. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, ti owó ìdá àti èrè pípín la máa ń sọ. A kì í sábà sọ pé oúnjẹ tí kò ní àbùlà wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣí ìsọ̀ náà. Láyé ìgbà yẹn, oníṣòwò mìíràn á lọ ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, òmíràn á bu omi lu wàrà, kò sì sí òfin gidi tó lè mú un. Odidi ọdún 16 lẹ́yìn Rochdale, ní 1860, ni òfin àkọ́kọ́ lórí àbùlà tó jáde, kò sì lágbára. Ti 1875 ló wá ní eyín. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọba nìkan ló ń ṣọ́ ohun tí ará ìlú ń jẹ. Àwa alájẹṣẹ́kù ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó jí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí wàrà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, oúnjẹ ṣì ṣọ̀wọ́n ní Britain. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín bọ́tà, ẹran àti ṣúgà fún ará ìlú, ìpín náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá títí di 1954. Wàrà ni ìjọba gbójú lé pé yóò mú ara ọmọdé le. Láti 1946, gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta páìǹtì wàrà lójoojúmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò tó dára ni. Ẹni tó bá rí ọmọ tí ebi ti pa fún ọdún mélòó kan yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń bẹ nínú wàrà náà. Ní àárín ọdún 1930 sí 1939, nǹkan bí 40 nínú 100 màlúù tí wọ́n ń fún wàrà lára wọn ní Britain ló ní kòkòrò ikọ́ ife, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ikọ́ awúgbẹ. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé èèyàn tó ju 2,000 lọ ni ikọ́ ife tó ti ara màlúù wá yìí ń pa lọ́dọọdún, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kì í sábà jẹ́ ikọ́ húhú lásán. Ọ̀fun àti ìfun ló ń gbà wọlé. Kókó á wú sí ọrùn ọmọ, á yọ ọyún. Tàbí kí àrùn náà wọ egungun ẹ̀yìn, kí ọmọ di abuké. Tàbí kó wọ ọpọlọ, ìyẹn kì í pẹ́ tó fi ń pa ni. Ìyá ń fi owó ara rẹ̀ ra wàrà kí ọmọ lè lágbára, inú ife kan náà ni ikú wà. Wàrà náà sì funfun báláú, kò rùn, kò kan, adùn rẹ̀ pé. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Ibi tí iṣẹ́ wolé-wolé ti ṣòro nìyẹn. Gbogbo wa mọ wolé-wolé tiwa tó ń yọjú sínú ìkòkò omi wá tanwíjí. Tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́, ojú rí i. Ti inú wàrà yàtọ̀. Bí wolé-wolé òyìnbó bá fura sí wàrà oko kan, yóò bù nínú rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀, wọn á fún un bí abẹ́rẹ́ sára ẹranko kékeré kan tó dà bí ẹmọ́, tí òyìnbó ń pè ní guinea pig. Wọn á wá máa dúró. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó lè pa ẹranko náà wò bóyá àrùn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wò ó, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, wàrà oko náà kò dúró: àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sójà, àràárọ̀ ni ọmọ ń mu ún. Tí èsì bá fi jáde, kí ni ó kù tí a fẹ́ dá dúró? Lójú tèmi, èyí ló fi hàn pé àyẹ̀wò nìkan kò lè gba ọmọ là. Àfi kí a pa kòkòrò náà kó tó dé ilé oníbàárà, tàbí kí a yọ màlúù tó ní in kúrò nínú agbo. Wọ́n ṣe méjèèjì.

Pípa kòkòrò ni èyí tí wọ́n ń pè ní pasteurise, orúkọ Louis Pasteur, onímọ̀ ará Faransé, ni wọ́n fi pè é. Kì í ṣe síse bí a ti ń se omi títí tó fi hó. Omi ń hó ní ìwọ̀n 212 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Ti wàrà kò tó bẹ́ẹ̀: wọ́n á gbé e dé ìwọ̀n 145, wọ́n á sì mú un dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 gbáko. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ mìíràn dé tó ń gbé e dé 161 fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un tutù kíákíá. Kòkòrò ikọ́ ife kú, ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kú, adùn wàrà kò sì yí padà tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè máa sunkún lé.

Ẹ lè rò pé ó yẹ kí gbogbo ayé gbà á lọ́jọ́ kan. Rárá o. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ọgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni láti lé kékeré kúrò lọ́jà, nítorí ẹ̀rọ náà wọ́n, ẹni tó ní màlúù 10 kò lè rà á. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú pátápátá. Òótọ́ ni pé kékeré fara gbá a. Àwọn dókítà mìíràn náà sọ pé iná ń ba agbára wàrà jẹ́, pàápàá fítámì C, ìyẹn náà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, àmọ́ kì í ṣe wàrà la fi ń wá fítámì C. Ní 1936 pàápàá, wàrà tí a kò fi iná kàn gbé ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọ Bournemouth àti Poole létí òkun, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló dùbúlẹ̀. Síbẹ̀ àríyànjiyàn kò tán. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó tóbi, tí wọ́n wà lára àwọn tó ń ta wàrà jù lọ ní Britain, ti ń ra ẹ̀rọ náà ní tiwọn kí òfin tó fi dandan lé e. Owó ẹgbẹ́rún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ la fi ra ohun tí apá ẹnì kan kò ká, àbí kí la ń pè ní àjùmọ̀ṣe?

Ní 1949 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá ṣe òfin pé ìjọba lè ya agbègbè kan sọ́tọ̀ kí ó sì sọ pé, láti ọjọ́ báyìí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta wàrà lásán níbẹ̀ mọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a pasteurise, tàbí èyí tí a sè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìgò, tàbí kí ó wá láti ara màlúù tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò ní ikọ́ ife. Láti 1951 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, London wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́, wọ́n sì ń fà á lọ láti agbègbè kan sí òmíràn.

Ti màlúù ńkọ́? Dókítà ẹran á fún màlúù ní abẹ́rẹ́ kékeré sí awọ ọrùn, á padà wá lọ́jọ́ kẹta. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá wú kọjá ìwọ̀n, ẹran náà ní in. Láti 1935 ni ìjọba ti ń fi owó lé iye wàrà fún àgbẹ̀ tó bá jẹ́ kí agbo rẹ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1950, wọ́n mú un le: agbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń yẹ gbogbo màlúù wò, wọ́n ń pa èyí tó ní àrùn, wọ́n sì ń san owó gbà-má-bínú fún olówó ẹran. Nínú oṣù October 1960, wọ́n parí rẹ̀ yíká gbogbo Britain. Ọdún 25 gbáko. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, owó ńlá ni wọ́n sì ná sí i. Ṣé ẹ rí i, bí ìjọba bá fẹ́ kí àgbẹ̀ mú ẹran tó ń ṣàìsàn jáde, kó má ṣe fi pamọ́, àfi kó sanwó fún un.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ wolé-wolé fúnra rẹ̀, nítorí òun gan-an la ń jà lé lórí. Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ní dókítà ìlera tirẹ̀, abẹ́ dókítà yìí ni àwọn wolé-wolé wà. Lọ́dọọdún ni dókítà náà ń tẹ ìwé ìròyìn jáde: wàrà mélòó ni a yẹ̀ wò, mélòó ló kùnà, ta ni a gbé lọ sílé ẹjọ́. Ará ìlú lè kà á. Láti 1949, Iléeṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ló gba àyẹ̀wò oko lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń rọ wàrà sí ìgò, ọkọ̀ tó ń gbé e kiri àti ìsọ̀ tó ń tà á ṣì wà lọ́wọ́ wolé-wolé. Ní 1956 ni wọ́n pa orúkọ iṣẹ́ wọn dà, wọ́n di alábẹ̀wò ìlera ará ìlú. Ní 1974 wọ́n tún pa á dà.

Òwúrọ̀ kùtù ni wolé-wolé tó mọṣẹ́ máa ń jáde, nítorí òwúrọ̀ ni wàrà ń rìn. Á dá ọkọ̀ wàrà dúró lójú títì, á sì ra ìgò kan. Mo ní á rà á o. Owó ló ń san, kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà lè di ẹjọ́, iwájú ẹni tó ń ta wàrà ni yóò ti pín in sí mẹ́ta, á fi òǹtẹ̀ dí wọn. Ìdá kan á wà lọ́wọ́ ọlọ́jà, kó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ tirẹ̀. Ìdá kan á lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ àyẹ̀wò tí káńsù gbà. Ìdá kẹta, wolé-wolé á tọ́jú rẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi béèrè. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, èyí ló wù mí jù. Ọlọ́jà kò lè ní wọ́n pààrọ̀ wàrà òun, wolé-wolé náà kò sì lè hùmọ̀ ẹ̀sùn.

Kí ni onímọ̀ náà ń wò? Ó ń wo ọ̀rá, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 3 nínú 100. Bó bá dín, òfin kò tíì ní olówó wàrà jẹ̀bi pátápátá. Ó kàn ní kó wá sọ ìdí rẹ̀. Ó tún ń wò bóyá omi wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mọ̀ ni pé wàrà nílò òtútù tó ju ti omi lọ díẹ̀ kó tó di yìnyín. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ibi tó ti ń dì á sún mọ́ ti omi. Kò sí bí o ṣe bu omi lù ú tí kò ní hàn. Nígbà mìíràn àgbẹ̀ á búra pé òun kò bu omi, pé bẹ́ẹ̀ ni màlúù òun ṣe ń fún un. Ó dáa. Wolé-wolé á lọ sí oko ní àsìkò tí wọ́n ń fún wàrà, á dúró ti màlúù, á wo bí wọ́n ṣe ń fún un títí tó fi tán, á sì bù níbẹ̀. Ní èdè wọn, wọ́n ń pè é ní pípe ẹjọ́ síwájú màlúù. Bí ti màlúù bá dára tí ti ọkọ̀ kò dára, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Bí ti màlúù náà bá ṣàn, a dá àgbẹ̀ láre.

Fún wàrà tí a ní a ti pasteurise, àyẹ̀wò méjì ló ṣe pàtàkì. Ohun kan wà nínú wàrà tútù láti ọmú màlúù tó ń jẹ́ phosphatase. Iná tó ń pa á fi díẹ̀ ju èyí tó ń pa kòkòrò ikọ́ ife lọ. Nítorí náà, bí onímọ̀ bá da oògùn sínú wàrà tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà, á jẹ́ pé phosphatase ṣì wà láàyè: yálà iná kò tó, tàbí àsìkò kò pé, tàbí ẹnì kan da wàrà tútù lé èyí tó ti gbóná. Ẹ fi èyí wé ti guinea pig: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níjọ́hun, ọjọ́ kan péré báyìí. Ti èkejì, wọ́n á kán nǹkan aláwọ̀ aró sínú wàrà. Bí kòkòrò bá pọ̀ nínú rẹ̀, wọn á jẹ aró náà tán, wàrà á padà funfun. Tó bá funfun láàrin ìṣẹ́jú 30, ó kùnà.

Ìgò ni ìjà kejì. Ìgò wàrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti oníbàárà. Ó gbọ́dọ̀ dá a padà. Àwọn ènìyàn á fi ìgò náà po ọ̀dà, wọ́n á fi rọ sìmẹ́ńtì nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe, wọ́n á wá gbé e síta fún oníwàrà. Ẹ̀rọ fọ ìgò kò lè yọ sìmẹ́ńtì tó ti gan. Bí òṣìṣẹ́ tó ń wo ìgò bá gbójú kúrò, wàrà á wọ inú rẹ̀, oníbàárà mìíràn á rí i, á gbé e lọ bá wolé-wolé. Olówó wàrà ló ń san owó ìtanràn, kì í ṣe ẹni tó rọ sìmẹ́ńtì. Àwọn oníwàrà kùn gidi lórí èyí, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Àwọn ènìyàn wa tó gbé London láyé ìgbà yẹn á tún rántí àwọn ẹyẹ kékeré tó máa ń dá ìdérí fàdákà lu lẹ́nu ọ̀nà láti mu ọ̀rá orí wàrà. Ìyẹn nìkan ni wolé-wolé kò rí gbé lọ sílé ẹjọ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà. Bí ọlọ́jà bá ra ọjà pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó tà á fún un fi jẹ́rìí pé ọjà náà pé, tó sì tà á bó ṣe rà á láì fọwọ́ kàn án, ó lè gbé ìwé náà kalẹ̀ nílé ẹjọ́ kó sì bọ́. Ẹni tí kò gba ìwé ló ń ru ẹ̀bi.

Lórí oúnjẹ yòókù, òfin ìmọ́tótó oúnjẹ tí wọ́n ṣe ní 1955 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù January, 1956. Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ibi ìfọwọ́, pẹ̀lú omi gbígbóná, ọṣẹ àti aṣọ ìnuwọ́. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi ohun tí omi kò lè wọ̀ dì í. Kò sí sìgá mímu, kò sí itọ́ títu nídìí oúnjẹ. Ìdí tí wọ́n fi le bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Ní 1946, nílùú Aberystwyth ní ilẹ̀ Wales, ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú èèyàn tó ju 100 lọ láti inú áísìkiriìmù. Ara ẹni tó ń ṣe é ni kòkòrò náà wà, òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣàìsàn. Ọdún kejì ni òfin jáde pé a gbọ́dọ̀ fi iná kan áísìkiriìmù kí a tó mú un dì. Obìnrin onímọ̀ kan, Betty Hobbs, fi hàn ní 1953 pé ẹran tí a sè lóní, tí a fi sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá kó máa rọra tutù, tí a wá mú lọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́la, lè yọ gbogbo ilé-ìwé lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: síse àkọ́kọ́ kì í pa ẹyin kòkòrò náà, inú lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló sì ti ń pọ̀ sí i. Bí a bá fẹ́ tọ́jú ọbẹ̀, ká pín in sí abọ́ pẹlẹbẹ kó tètè tutù. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó hó dáadáa.

Ní 1964, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Aberdeen, ní Scotland. Ẹran inú agolo láti Argentina ni, èyí tí wọ́n fi omi odò tí a kò fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀ mú tutù lẹ́yìn síse. Agolo kan ṣoṣo ni wọ́n gbà pé ó dá a sílẹ̀. Ìsọ̀ tó ṣí i fi ẹ̀rọ kan náà rẹ́ ẹran mìíràn, ọ̀bẹ ẹ̀rọ gbé kòkòrò láti orí ẹran kan sí òmíràn, èèyàn tó ju 400 lọ sì wọ ilé ìwòsàn. Dókítà káńsù ibẹ̀, Ian MacQueen, ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nípasẹ̀ ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́. Àwọn kan ní ó dẹ́rù ba ìlú jù. Ó dára o, ṣùgbọ́n wọ́n fọ ọwọ́.

Ti wàrà kò parí sórí ikọ́ ife. Àrùn mìíràn wà tó ń mú màlúù ṣẹ́yún, tó sì ń mú ènìyàn ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ fún oṣù púpọ̀. Wàrà tí wọ́n ní kò ní ikọ́ ife, tí a kò sì fi iná kàn, lè gbé e. Láti 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìyẹn náà kúrò nínú agbo. Ní 1983, Scotland fi òfin de títa wàrà tí a kò fi iná kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, wọ́n ṣì ń tà á títí di òní, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tó fẹ́ mu ún, ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára ìgò pé a kò fi iná kan wàrà yìí, ó sì lè ní kòkòrò tó ń ṣe ìpalára.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, pàápàá àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa kí oṣù tó parí. Mo ti bẹ alága pé kí a pe wolé-wolé àdúgbò wa wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí òun náà wá sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹ sì sọ tiyín lójú rẹ̀.